Ibi Tí Ẹja Okrika Ti Ń Ṣẹ́rí Padà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń dí ẹja lọ́nà lójú odò nílẹ̀ yìí, ìsédò ńlá ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí: Kainji tí wọ́n kọ́ parí ní 1968 lórí odò Ọya, Aṣẹ́jìrẹ́ lórí odò Ọ̀ṣun, Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta. Okrika kò ní ìsédò kankan. Erékùṣù ni, ní gúúsù Port Harcourt, omi iyọ̀ ló yí i ká. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń ti omi wọlé láti ẹnu odò Bonny, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ń fà á padà. Ẹni tó bá wo bí omi ṣe gbalẹ̀ níbẹ̀ lè rò pé kò sí ibi tí ẹja kò lè dé. Ṣùgbọ́n ẹja ń ṣẹ́rí padà ní Okrika àti ní ọ̀pọ̀ ojú omi tó yí i ká, ohun tó sì ń dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà kò ga ju èèyàn kan lọ. Títì ni.

Ẹrẹ̀ inú igbó mangrove rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé mọ́tò. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á kó iyanrìn dà á títí yóò fi ga sókè, wọ́n á wá na títì lé e lórí. Níbi tí odò ńlá bá ti kọjá, wọ́n á ṣe afárá, torí pé ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ ráyè gba abẹ́ rẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ pé ojú omi kékeré ni, tí kò sí ọlọ́kọ̀ tí yóò pariwo, páìpù kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń ri mọ́ abẹ́ títì. Páìpù kò wọ́n tó afárá. Ẹja ló ń san ìyókù owó náà, ẹni tó ń pa ẹja jẹ sì ń bá a san án.

Àwọn Wakirike tó ni Okrika ti ń gbé pẹ̀lú omi yìí tipẹ́ kí ìlú tó ń jẹ́ Port Harcourt tó wà. Ní 1913 ni ìjọba amúnisìn bá àwọn ìjòyè Diobu àti Okrika ṣe ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Hargrove, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tẹ èbúté náà dó. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti ń gba ààyè lọ́wọ́ omi. Ilé ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa-Eleme ní 1965, èkejì tẹ̀ lé e ní 1989. Okrika ni èbúté tí ọkọ̀ epo rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ojú omi Ekerekana tó wà lẹ́bàá Okrika ló sì ń gba omi ìdọ̀tí tó ń ti ilé ìfọpo náà jáde nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn tálákà náà ń kún omi tiwọn. Ní àwọn àdúgbò etí omi Port Harcourt, tí ọmọ Okrika pọ̀ nínú àwọn tó dá wọn sílẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú tó kún fún gbòǹgbò jíjẹrà, tí wọ́n ń pè ní chikoko, ni wọ́n ń kó jọ títí yóò fi di ilẹ̀ tí wọ́n lè kọ́lé sí. Mi ò lè dá ẹni tí kò ní ilẹ̀ lẹ́bi pé ó ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹja kò mọ ògiri tálákà yàtọ̀ sí ti ìjọba.

Kì í ṣe gbogbo ẹja ló ń rìnrìn àjò bákan náà, ẹni tí kò bá sì mọ ìrìn wọn kò lè mọ ibi tí wọ́n ti dí wọn lọ́nà. Edé pupa tí ọkọ̀ apẹja ńlá ń kó lójú òkun, tí wọ́n ń dì sínú yìnyín ránṣẹ́ sí òkè òkun, ojú òkun ni ìyá rẹ̀ yé sí. Ọmọ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ìkún omi ló ń gbé e wọ inú mangrove, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, tó ń dàgbà, kó tó padà sí òkun. Ẹja mullet náà ń lọ yé sí òkun, ọmọ rẹ̀ ló ń wá dàgbà ní ẹsẹ̀ odò. Edé odò ńlá, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ẹ̀mú, òdìkejì ni ìrìn tirẹ̀: omi dídùn ló ń gbé, abo rẹ̀ á gbé ẹyin sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí iyọ̀ ti wọ omi, torí ọmọ rẹ̀ kò lè yè nínú omi dídùn. Bí àwọn ọmọ náà bá lágbára díẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún gòkè padà. Ìdènà kan ṣoṣo lójú ọ̀nà ti tó láti parí ìran wọn ní odò kan. Bọ́ńgà ń wọlé láti òkun, ó ń jáde, ó ń wọlé. Ọ̀bọ̀kún ń lọ ó ń bọ̀ láàárín omi dídùn àti omi iyọ̀.

Epìyà omi iyọ̀ nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Akọ rẹ̀ ń gbé ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa, ibi tó bá wà náà ni yóò ti tọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí o bá da àwọ̀n sẹ́yìn títì kan, tí o da àwọ̀n sí iwájú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé epìyà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ nìkan ló ń jáde lẹ́yìn, nígbà tí bọ́ńgà, mullet àti edé ń wọ àwọ̀n iwájú, o ti rí ìdáhùn kí onímọ̀ kankan tó gbé ẹ̀rọ dé.

Báwo ni páìpù ṣe ń dí ẹja lọ́nà nígbà tó jẹ́ pé ihò ni? Ohun àkọ́kọ́ ni gíga rẹ̀. Bí ẹnu páìpù bá ga ju ìsàlẹ̀ odò lọ, tí omi bá ti fà, ńṣe ni omi á máa já láti ẹnu rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹja kékeré ẹ̀gbẹ́ òkun kò lè fò wọ inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹja tí ń fò kiri lórí ẹrẹ̀, mi ò mọ èyí tó lè gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀nà náà kò ní ṣí àyàfi tí omi bá kún, wákàtí tí ìyẹn sì ń gbà kò pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni fífẹ̀ rẹ̀. Omi tó yẹ kó gba ojú odò tó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá kọjá, tí wọ́n wá fún un ní ihò mítà kan, yóò sáré kíkankíkan. Ọmọ ẹja tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ kò lè lúwẹ̀ẹ́ borí omi tó ń sáré mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tí omi ń gbé wọlé, bí ọmọ edé, omi náà lè gbé wọn gba inú páìpù, ṣùgbọ́n ìwọ̀n omi tó ń wọlé ti dín kù, àwọn tó ń bá a wọlé náà sì dín kù. Kó o wá fi ọ̀rá pọ́ọ̀wọ́tà, ike àti imọ̀ ọ̀pẹ há ẹnu páìpù náà, kí o wá sọ fún mi bóyá ihò ṣì ni.

Èyí tó burú jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igbó tó wà lẹ́yìn títì. Gbòǹgbò mangrove ń mí sí afẹ́fẹ́ nígbà tí omi bá fà. Bí omi ẹ̀yìn títì kò bá ráyè jáde tán kí ìkún mìíràn tó dé, gbòǹgbò náà yóò wà lábẹ́ omi ṣáá, igi á kú. Bó bá sì jẹ́ pé omi kò ráyè wọlé tó, oòrùn á gbẹ ẹrẹ̀, iyọ̀ á gbára jọ sínú rẹ̀, igi á tún kú. Lọ́nà méjèèjì, ẹja tó jàjà wọlé kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò kí wọ́n gbin mangrove tuntun síbi tí tàtijọ́ kú sí, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo omi. Bí omi bá ń wọlé tó ń jáde bó ṣe yẹ, tí igi ìyá sì wà nítòsí, èso mangrove á léfòó wá, á sì hù fúnra rẹ̀. Bí omi kò bá rìn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni owó àti ìrúgbìn á jọ rì sínú ẹrẹ̀, àwòrán ayẹyẹ ọjọ́ ìgbìn nìkan ni yóò kù.

Títì nìkan kọ́. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń wa ọ̀nà omi kí ẹ̀rọ wọn lè kọjá, ẹ̀gbẹ́ ojú omi náà ni wọ́n ń da ẹrẹ̀ tí wọ́n wà sí káàkiri Niger Delta. Ẹrẹ̀ yẹn gbẹ, ó le, ó di ebè gígùn tí kò jẹ́ kí omi ráyè kọjá sí igbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pẹ nípà náà ń bẹ níbẹ̀. Láti Singapore ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n gbìn ín sí Calabar ní 1906 àti Oron ní 1912 kí ó lè di etí omi mú. Ó di í mú lóòótọ́! Ó ti rìn láti ibẹ̀ gba Niger Delta, ibi tí epo tàbí àdá bá ti pa mangrove ló máa ń gbà, ó sì ń hù dí àwọn ẹsẹ̀ odò tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kò lè kọjá.

Àwọn èèyàn wa ní Ìlàjẹ, létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ ìdènà kan tó tilẹ̀ jọ ìyanu létí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀sùn tí àwọn ará Awóyè àti agbègbè rẹ̀ ti ń kà sí àwọn ilé-iṣẹ́ epo lọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ọ̀nà omi tí wọ́n wà já sí òkun ló jẹ́ kí omi iyọ̀ ya wọ inú omi dídùn, tí igbó àti ẹja omi dídùn fi kú. Ó wà lára ohun tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ gba pèpéle Parabe ti Chevron lójú omi ní oṣù Karùn-ún 1998, ọ̀rọ̀ tó dé ilé-ẹjọ́ ní San Francisco, tí àwọn adájọ́ ará ìlú sì dá Chevron láre ní 2008. Ohun tó kàn mí nínú rẹ̀ níhìn-ín ni pé ṣíṣí ọ̀nà náà lè jẹ́ dídí ọ̀nà. Omi iyọ̀ tó dé láìrò tẹ́lẹ̀ jẹ́ ògiri fún ẹja tí kò lè mu iyọ̀.

Epo náà jẹ́ ògiri. Nígbà tí UNEP, àjọ tó ń mójú tó àyíká fún Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni, tó bá Okrika pààlà, jáde ní oṣù Kẹjọ 2011, ó wà nínú rẹ̀ pé ẹja ń sá kúrò níbi tí omi ti bàjẹ́ lọ wá omi tó mọ́, tí apẹja náà sì gbọ́dọ̀ lé wọn lọ. Ní Bodo, ìlú kan nílẹ̀ Ogoni yìí, lẹ́yìn tí páìpù Shell tú lẹ́ẹ̀mejì ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà gbà ní 2015 láti san mílíọ̀nù márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta pọ́ùn. Omi Bodo àti omi Okrika, odò Bonny kan náà ni wọ́n ń dà sí.

Ìdènà wá pọ̀ báyìí, owó kò sì pọ̀. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣí? Ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers, àjọ NDDC tó ń mójú tó ìdàgbàsókè Niger Delta àti ilé-iṣẹ́ títì dáhùn kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Wọ́n ti ń bá a jà níbòmíràn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature pé ìdènà tó wà lórí àwọn odò Yúróòpù kò dín ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, pé méjìdínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ìyẹn 68, ni kò ga tó mítà méjì. Wọ́n fẹsẹ̀ rin ẹ̀gbẹ́ odò fún nǹkan bí 2,700 kìlómítà kí wọ́n tó lè sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ìjọba. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ pe ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ ní 2001 lórí páìpù abẹ́ títì gan-an. Àwọn baba wọn ti bá ìjọba ṣe àdéhùn láàárín 1854 sí 1855 pé àwọn yóò máa pẹja wọn lọ. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìpẹja kò wúlò bí títì ìjọba kò bá jẹ́ kí ẹja dé. Ní 2013 adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n tún àwọn páìpù náà ṣe. Ní 2018 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà pín sí mẹ́rin sí mẹ́rin, àṣẹ náà sì dúró. Ìpínlẹ̀ náà ní láti ṣí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ibùgbé ẹja tí wọ́n dí, kó tó di 2030. Wọ́n ń fi bílíọ̀nù dọ́là ṣe é. Ká ní wọ́n ti ṣe ihò náà fẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré wò ó. Ká ní ojú omi kan wà ní ẹ̀yìn Okrika tí títì mẹ́ta dábùú. Títì kìíní wà lẹ́nu odò. Ìdajì ẹja ló ń rí ọ̀nà gba páìpù rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, hẹ́kítà 40 igbó mangrove. Títì kejì ti dí pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀, hẹ́kítà 50. Títì kẹta náà dí, hẹ́kítà 10 péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nítòsí ọjà, mọ́tò agbaṣẹ́ṣe lè dé ibẹ̀ wẹ́rẹ́, kọmíṣọ́nà sì lè ya fọ́tò níbẹ̀. Bí a bá ka hẹ́kítà tí ẹja lè dé, tí a sì fi ìwọ̀n ẹja tó ń kọjá sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tí odò náà ní lónìí jẹ́ 20, ìyẹn ìdajì 40. Bí wọ́n bá tún títì kẹta ṣe, 20 náà ló kù, torí ẹja kò dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ti ẹnu odò, ó di 40. Bí wọ́n bá ṣí ti àárín, ẹja lè dé 90, ìdajì wọn ló ń wọlé, ó jẹ́ 45.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé láti ẹnu odò ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò yìí ní kì í ṣe ìgbà gbogbo. Bí owó méjèèjì bá dọ́gba, ti àárín ló ṣáájú, díẹ̀ ni ó fi jù ú. Ṣùgbọ́n bí ti ẹnu odò bá ń gba ìdajì owó ti àárín, òun ló ṣáájú, torí èrè 20 fún ìdajì owó sàn ju èrè 25 fún odidi. Bí wọ́n bá sì rówó ṣí méjèèjì pọ̀, 90 ni, ìyẹn èrè 70, ó ju àpapọ̀ èrè méjèèjì lọ bí a bá ṣí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń ṣe títì kan máa ṣe é bí ẹni pé òun nìkan ló wà lórí odò.

Wá gbé epo wọ inú ìṣirò náà. Ká ní hẹ́kítà 50 tó wà lẹ́yìn títì àárín ni epo ti bò. Mi ò ní kà á sí nǹkan kan. Mo tilẹ̀ lè kà á sí ìpàdánù, nítorí ọmọ ẹja tó bá wọ ibẹ̀ lè má jáde mọ́, omi tó bá sì ń ti ibẹ̀ jáde fàlàlà lè gbé epo wá bá hẹ́kítà 40 tó mọ́. Ní irú ibẹ̀, orísun epo ni kí wọ́n kọ́kọ́ dí, kí wọ́n tó fọwọ́ kan títì. Níbi tí epo ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì ti kó èyí tó wà nílẹ̀, mo gbà pé kí wọ́n ṣí omi kíákíá, kí igbó lè padà.

Òfin wa kò fi bẹ́ẹ̀ ran irú ètò yìí lọ́wọ́. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká tí wọ́n ṣe ní 1992 sọ ọ́ di dandan kí wọ́n ṣe ìwádìí kí ẹnikẹ́ni tó fi ilẹ̀ kún etíkun bí ilẹ̀ náà bá tó hẹ́kítà 50. Hẹ́kítà 49 ńkọ́? Ẹni mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún hẹ́kítà márùn-ún ńkọ́? Kò sí ẹni tí òfin náà kàn ní dandan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ odò kan náà ni gbogbo wọn lè jọ dí. Ó yẹ kí wọ́n fi ojú omi wọn ìwádìí, kí wọ́n yéé fi hẹ́kítà nìkan wọ̀n ọ́: bí iṣẹ́ kan bá dábùú ibi tí omi ń gbà wọlé tó ń gbà jáde, bó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n béèrè pé báwo ni ẹja yóò ṣe kọjá.

Wíwá ìdènà náà kò nílò owó ńlá. Igi méjì tí wọ́n fàmì sí bíi rúlà ti tó láti bẹ̀rẹ̀: ri ọ̀kan mọ́ iwájú títì, ri èkejì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí àmì wọn dọ́gba, kí ẹnì kan máa kọ gíga omi sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí láti ìkún dé ìfà. Bí omi iwájú bá ti kún tí ti ẹ̀yìn ṣì wà nísàlẹ̀, tàbí tí iwájú ti gbẹ tí ẹ̀yìn ṣì kún, páìpù yẹn kéré. Ilé-ẹ̀kọ́ Aluu tí NIOMR, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí òkun, ní nítòsí Port Harcourt fún ọ̀rọ̀ ọ̀sìn ẹja, àti àwọn yunifásítì ìlú náà, ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Àwọn ló ń wà níbẹ̀ nígbà tí omi bá fà tán, ìgbà tí ẹnu páìpù ń hàn gbangba, wọ́n sì mọ ibi tí ìṣáwùrú ti dáwọ́ dúró.

Ẹnì kan wà tí yóò kọ̀ fún wọn. Níbi tí omi bá ti há, ibẹ̀ ni àwọ̀n ti ń mú ẹja jù, nítorí náà ẹnu páìpù abẹ́ títì máa ń jẹ́ ibi ìpẹja tó dára fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á. Ó ń da àwọ̀n síbẹ̀ bí omi bá ti ń fà, gbogbo ẹja tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá wó páìpù yẹn, tí wọ́n ṣe afárá kékeré sí i, ẹja ojú omi náà lè pọ̀ sí i lọ́dún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀la gan-an ni òun yóò pàdánù ibùdó rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe lọ bá a pẹ̀lú ọlọ́pàá. Kí wọ́n bá a jókòó kí wọ́n tó yàwòrán afárá, kí wọ́n sọ iye owó gbà-má-bínú àti ọdún tí yóò fi gbà á, kí wọ́n sì bi í ní wákàtí tí edé ń kọjá àti oṣù tí mullet ń wọlé. Kò sí ẹlòmíràn tó ti ń ka ẹja ẹnu páìpù yẹn lójoojúmọ́.